Oríta Ṣágámù: kí ló ń fa súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ta ló sì ni títì?

Bí ọkọ̀ bá há ní Ṣágámù, Èkó á gbọ́, Ìbàdàn á gbọ́, ará Bìní náà á gbọ́. Kó tó pé wákàtí kan, ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ á ti kún orí WhatsApp: "Ẹ má gba Ṣágámù o! Ẹ yáa gba Ẹ̀pẹ́!" Ẹnì kan á ní tanka ló ṣubú. Òmíràn á ní àwọn TRACE, àjọ tó ń darí ọkọ̀ ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ló ń dá ọkọ̀ dúró. Ẹnì kẹta ò tilẹ̀ fẹ́ gbọ́ àlàyé kankan, gómìnà ló ní ká lọ bi. Tó bá di ọjọ́ kejì, ọkọ̀ á ti máa lọ, ariwo á rọlẹ̀, ó di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ẹtì mìíràn.

Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń sọ yẹn ló ní òótọ́ díẹ̀ nínú. Ibi tó ti wá lọ́jú pọ̀ ni pé wọ́n ń da ọ̀rọ̀ mẹ́rin pọ̀ mọ́ra wọn: ọ̀rọ̀ ọ̀nà, ọ̀rọ̀ awakọ̀, ọ̀rọ̀ ìlú, àti ọ̀rọ̀ òfin. Ẹ jẹ́ ká tú u.

Kí ló gbé gbogbo ọkọ̀ wá sí Ṣágámù?

Títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, kìlómítà 127.6, gba ẹ̀gbẹ́ Ṣágámù kọjá. Ibẹ̀ ni títì Bìní ti bẹ̀rẹ̀, èyí tó gba Ìjẹ̀bú-Òde àti Ọ̀rẹ̀ lọ, tí ẹni tó ń lọ sí Warri tàbí ilẹ̀ Ìgbò ń gbà. Ibẹ̀ náà ni ọ̀nà Abẹ́òkúta ti gba Síun já sí. Ìpàdé àwọn ọ̀nà yìí la mọ̀ sí Intaṣéńjì. Ẹ wá fi ọ̀nà Ìkòròdú kún un, èyí tí kò dé Intaṣéńjì rárá, tó jẹ́ pé Ògìjo ló gbà wọ àárín ìlú tààrà.

Àwọn tó ya àwòrán Intaṣéńjì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ọ̀nà kan gba orí afárá, èkejì gba abẹ́ rẹ̀, ọ̀nà kéékèèké sì yí po láti so wọ́n pọ̀, kí ọkọ̀ tó ń lọ Ìbàdàn má baà dá ti Bìní dúró. Lórí ìwé, kò sí ẹni tó yẹ kó tẹ bíréèkì pa níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tírélà tó ru kọ̀ǹtẹ́nà ò lè sáré yí ibi tó ká kò bẹ́ẹ̀. Yóò rọra ni, ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ náà á sì rọra, bẹ́ẹ̀ ni títí ìlà á fi gùn dé orí títì ńlá.

Ẹrù tó ń wọ àgbègbè náà kò sì kéré. Ibùdó epo Mosimi wà nítòsí, níbi tí páìpù ti ń gbé epo wá láti Atlas Cove ní Èkó, tí tanka sì ń gbé e jáde. Ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ti wà nílùú láti apá ìparí àwọn ọdún 1970. Ògìjo kún fún ilé iṣẹ́. Ní Sábó, obì Rẹ́mọ, ìyẹn agbègbè tí Ṣágámù wà, ṣì ń gorí ọkọ̀ lọ sí Òkè Ọya. Yunifásítì Babcock dé sí Ìlíṣàn ní 1999, ọsibítù ẹ̀kọ́ṣẹ́ yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbánjọ sì wà ní Ṣágámù gangan. Ẹni tí ilé Èkó ti wọ́n jù fún náà ń sún bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń sùn ní Rẹ́mọ, ó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó.

Ìlú náà fúnra rẹ̀ kò mọ mọ́tò nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó. Ní 1872 ni ìlú mẹ́tàlá, Òfin, Mákùn àti àwọn yòókù, kó ara wọn jọ sójú kan nítorí ogun ayé ìgbà náà. Oníkálukú kó àdúgbò rẹ̀ wá, àwọn mìíràn kó ọba wọn wá pẹ̀lú. Ohun tí wọ́n ń wá ni ààbò, kì í ṣe ọ̀nà tó tẹ́jú. Òpópónà tí wọ́n fi ẹsẹ̀ là láàárín agbo ilé sí agbo ilé ni Márúwá, ọ̀kadà àti jíìpù ń bá ara wọn dù lónìí. Bí títì márosẹ̀ bá há, tí awakọ̀ bá ní kí òun fi àárín ìlú gé e kúrú, ibẹ̀ ló ń bọ̀ yẹn.

Wọ́n ṣáà ti tún títì ṣe, kí ló tún kù?

Ìtàn àtúnṣe náà gùn. Oṣù Kẹjọ 1978 ni wọ́n ṣí títì márosẹ̀ náà. Nígbà tó ti bàjẹ́ dé ojú egungun, ìjọba àpapọ̀ gbé e fún ilé iṣẹ́ Bi-Courtney ní 2009 pé kó fi owó ara rẹ̀ tún un ṣe, kó sì máa gba owó rẹ̀ padà lọ́wọ́ awakọ̀. Iṣẹ́ náà ò lọ bí wọ́n ṣe rò, ìjọba sì gbà á padà ní oṣù Kọkànlá 2012. Ní oṣù Keje 2013, Ààrẹ Goodluck Jonathan wá sí Ṣágámù fúnra rẹ̀ láti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe tuntun, tí wọ́n fi owó tó jẹ́ bílíọ̀nù 167 náírà lé lórí. Wọ́n pín in fún ilé iṣẹ́ méjì tó ń la ọ̀nà: Julius Berger gba láti Èkó dé Ṣágámù, kìlómítà 43.6, RCC gba láti Ṣágámù dé Ìbàdàn, kìlómítà 84.

Ẹ wò ó dáadáa, Ṣágámù náà ni ibi ìpín. Fún ọ̀pọ̀ ọdún tí iṣẹ́ ń lọ, tí wọ́n ń ti apá kan tí wọ́n ń da ọkọ̀ sí apá kejì, kò sí ẹni tó ń gba ọ̀nà yìí tí kò sun inú ọkọ̀ rí. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ìgbà yẹn, iṣẹ́ ọ̀nà ló fà á. Èyí tó kù báyìí yàtọ̀. Títì Èkó sí Ṣágámù ti di léènì mẹ́ta ní apá kọ̀ọ̀kan, ọkọ̀ ń sáré dé dáadáa, àfi ìgbà tó bá kan ìyànà. Ibi tó fẹ̀ ń dà sínú ibi tó há. Ẹni tó bá ti da omi garawa sínú ìgò láìlo àrọ ti mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀.

Àwọn ọjọ́ kan tún wà tó le ju ara wọn lọ: Ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù, nígbà tí ìjọ Ridiimu ń ṣe ìsìn òru ní ìlú wọn ní Mowé, ìparí ọdún, àti ọ̀sẹ̀ Iléyá. Ìyẹn ò ṣòro láti lóye, èrò ló pọ̀ ju ọ̀nà lọ.

Kò sí ìjàǹbá, kò sí kòtò, kí ló dé tí ọkọ̀ fi dúró?

Ìbéèrè yìí ló ń bí awakọ̀ nínú jù. O ti rá pálá fún ogójì ìṣẹ́jú, o dé iwájú, o ò rí nǹkan kan, ọ̀nà ṣàdédé là.

Ní Japan, àwọn onímọ̀ kan tí Yuki Sugiyama ṣáájú wọn dán nǹkan wò, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2008. Wọ́n kó ọkọ̀ 22 sórí ọ̀nà róbótó tó jẹ́ mítà 230, wọ́n ní kí oníkálukú máa wa tirẹ̀ ní ìwọ̀n eré kan náà. Kò sí iná ojú ọ̀nà, kò sí gálọ́ọ̀pù, kò sí ẹni tó ń ta nǹkan. Láìpẹ́, ẹnì kan tẹ bíréèkì díẹ̀, ẹni ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ jù ú lọ, èyí tó tẹ̀ lé e dúró pátápátá. Ìdúró yẹn ń rìn lọ sẹ́yìn láti ara ọkọ̀ dé ara ọkọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iwájú ni gbogbo wọn ń lọ. Ọkọ̀ tó kọ́kọ́ tẹ bíréèkì ti lọ tipẹ́ kí ẹni ìkẹyìn tó jẹ ìyà rẹ̀.

Ẹ wá gbé ìyẹn wá sí ẹnu ìyànà Bìní ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ẹtì. Bọ́ọ̀sì kan ń bọ̀ láti Èkó. Ọmọkùnrin tó so rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà fi ọwọ́ gbá ara ọkọ̀: "Ó wà o! Intaṣéńjì wà o!" Awakọ̀ ò yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, nítorí tírélà kan ti gba ẹ̀gbẹ́ títì, àwọn tó ń ta omi inú ọ̀rá àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ yíyan gba èyí tó kù. Orí léènì ló dúró sí. "Màmá, ẹ fẹsẹ̀ òsì bọ́ọ́lẹ̀." Màmá ò lè tètè bọ́ọ́lẹ̀, àpò ìrẹsì wọn wà lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn. Wọ́n fà á, kò wá. Èrò méjì ní láti sọ̀ kí wọ́n tó rí i yọ. Wọ́n gbé e lé màmá lórí, ó ku ṣéńjì. Kọ̀ǹdọ́ ò ní ṣéńjì, ó so màmá pọ̀ mọ́ ọmọbìnrin kan tí òun náà ń sọ̀. Ni ẹnì kan bá tún fi sáré dé: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé Ìjẹ̀bú-Òde ni?"

Gbogbo ìyẹn gba bí ìṣẹ́jú méjì. Àwọn ẹnjiníà ọ̀nà máa ń ṣírò rẹ̀ pé léènì kan tó ń lọ geere lè gba nǹkan bí ọkọ̀ 2,000 ní wákàtí kan. Ìṣẹ́jú méjì nínú rẹ̀ lé ní ọkọ̀ ọgọ́ta. Bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ni mo sọ o, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ò ní yà kúrò níbi tí èrò ń dúró sí.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń ti ojú ọ̀nà méjèèjì bí tanka bá ṣubú?

Ìbínú máa ń pọ̀ lórí èyí, pàápàá lọ́dọ̀ ẹni tó wà ní apá kejì tí tanka ò ṣubú sí. Ẹ̀rù iná ni. Epo bẹntiróòlù tó dà sílẹ̀ kò dúró lójú kan, ó ń wọ gọ́tà, afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì ń rìn jìnnà kí iná tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ ò tíì gbàgbé Majiya ní ìpínlẹ̀ Jigawa, oṣù Kẹwàá 2024, níbi tí tanka ti ṣubú, tí àwọn èèyàn lọ ń gbọ́n epo, tí iná fi ṣẹ́ yọ. Àwọn tó kú lé ní 150. Nítorí náà, bí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó bá ti ọ̀nà, wọ́n á dúró de panápaná àti tanka òfìfo tí wọ́n máa fa epo yẹn sí, kí katapílà tó lè gbé èyí tó ṣubú. Ìdúró yẹn ló ń gba wákàtí lọ́wọ́ ẹni.

Ta ló ni títì?

Ibí ni àríyànjiyàn ti pọ̀ jù, mo sì rò pé ibẹ̀ náà ni kókó ọ̀rọ̀ wà.

Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ní àkójọ iṣẹ́ tó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ nìkan. Nọ́ńbà 11 níbẹ̀ fi ṣíṣe àti títún àwọn ọ̀nà tí wọ́n kà sí ti àpapọ̀ ṣe lé ìjọba àpapọ̀ lọ́wọ́. Nọ́ńbà 63 tún fi ìrìnnà ọkọ̀ lórí àwọn ọ̀nà yẹn kún un. Àwọn ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní "Trunk A" nìyẹn. Títì Èkó sí Ìbàdàn wà nínú rẹ̀, títì Bìní wà nínú rẹ̀, ọ̀nà Ìkòròdú sí Ṣágámù náà wà nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ ká àfikún kẹrin ìwé òfin kan náà. Iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ló wà níbẹ̀: ọjà, gáréèjì ọkọ̀, òpópónà àdúgbò, gọ́tà. Ìpínlẹ̀ náà ní àwọn ọ̀nà tirẹ̀, ó sì ní àjọ TRACE tó ń darí ọkọ̀. Àjọ FRSC, ìyẹn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1988, wà níbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tirẹ̀.

Torí náà, ẹ padà sọ́dọ̀ bọ́ọ̀sì tó gbé màmá. Orí títì àpapọ̀ ló dúró sí. Ó dúró síbẹ̀ nítorí pé kò sí gáréèjì tó bá ẹsẹ̀ èrò mu, iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó lè lé e kúrò lè jẹ́ òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀. Ẹni tó ń gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó gbéra ni ẹgbẹ́ awakọ̀, tí kì í ṣe ìjọba rárá. Ọwọ́ mẹ́rin ló wà nínú àwo yẹn, bí ọbẹ̀ bá sì tán, oníkálukú á ní òun kọ́.

Rẹ́mọ ni gómìnà, kí ló dé tí kò tún un ṣe?

Òótọ́ ni pé gómìnà méjì láti 2003 jẹ́ ọmọ Rẹ́mọ: Gbénga Daniel láti Ṣágámù, àti Dàpọ̀ Abíọ́dún láti Ìpẹru. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń dun àwọn kan wọ egungun. Ìpínlẹ̀ ní agbára lórí ọ̀nà tirẹ̀, ó sì ti ṣe nínú rẹ̀: ní oṣù Kìíní 2022 ni Ààrẹ Buhari wá ṣí ọ̀nà Intaṣéńjì sí Abẹ́òkúta àti ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde sí Ẹ̀pẹ́ tí ìjọba Abíọ́dún tún ṣe. Ọ̀nà Ìkòròdú sí Ṣágámù ni gómìnà náà ti ní kí ìjọba àpapọ̀ yọ̀ǹda fún ìpínlẹ̀, pẹ̀lú ti Èkó sí Ọ̀tà sí Abẹ́òkúta. Bí ìpínlẹ̀ bá fi owó rẹ̀ tún ọ̀nà àpapọ̀ ṣe, kò sí ìdánilójú pé yóò rí owó náà gbà padà lásìkò. Àwọn tó ń ta ko ìyẹn ní ọmọ ìlú kì í bèèrè ìwé òfin kó tó wọ kòtò.

Ìjọba ìbílẹ̀ ńkọ́? Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa dé ọwọ́ wọn tààrà. Àwọn kan gbà pé gáréèjì gidi tó kúrò lójú títì lè ti ibẹ̀ wá. Àwọn mìíràn ní àwọn á fi ojú rí i.

Kí ni oníkálukú ń sọ?

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ní èrò ni kò fẹ́ rìn. Bí òun bá wọ gáréèjì tó jìnnà sí títì, ẹni tó dúró lójú ọ̀nà ló máa kó èrò náà. Bẹntiróòlù sì ti wọ́n láti ìgbà tí ìrànwọ́ orí epo ti kúrò ní 2023, òun ò lè máa yípo láìrí èrò.

Awakọ̀ tanka àti tírélà ní ènìyàn ni àwọn náà, wọ́n gbọ́dọ̀ sùn, wọ́n gbọ́dọ̀ jẹun, wọ́n sì gbọ́dọ̀ dúró de ìgbà tí ẹrù wọn bá pé. Ògèrè ti di ibùsùn wọn tipẹ́tipẹ́ nítorí ìyẹn, ìjọba lóríṣiríṣi sì ti lé wọn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì níbẹ̀, tí wọ́n tún padà. Ohun tí wọ́n ń bèèrè ni ibi ìgbọ́kọ̀sí tó ní ìmọ́lẹ̀, omi àti ààbò, tí wọn ò ní máa jí bátìrì àwọn gbé.

Àwọn tó ń tajà ní ẹ̀gbẹ́ títì ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ "ẹ kúrò níbẹ̀". Ibi tí ọkọ̀ bá ti dúró ni ọjà wọn ti ń tà. Ká má parọ́, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tó ń pa ẹlòmíràn lára, òun ló ń sanwó ilé ìwé ọmọ wọn.

Àwọn ará ìlú ní ti wọn, ẹ̀dùn ọkàn wọn ni ọ̀nà àdúgbò tí tírélà ń tẹ̀ fọ́ nígbà tí títì bá há, àti aláìsàn tí wọ́n ń gbé lọ sí ọsibítù tí kò rí ọ̀nà kọjá.

Bí wọ́n bá fẹ̀ ẹ́ sí i, ṣé ó máa tán?

Àwọn tó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni tọ́ka sí títì Èkó sí Ṣágámù: léènì pọ̀ sí i, eré sì yá. Àwọn tó sọ pé rárá ní ẹ̀rí tiwọn. Láti 1962 ni Anthony Downs, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ní Amẹ́ríkà, ti kọ ọ́ pé títì tó bá fẹ̀ sí i máa ń pe ọkọ̀ sí i, títí yóò fi tún kún. Ní 2011, Gilles Duranton àti Matthew Turner ṣírò rẹ̀ fún àwọn ìlú Amẹ́ríkà, wọ́n rí i pé ìrìn ọkọ̀ ń pọ̀ sí i ní ìwọ̀n tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ìwọ̀n títì tí wọ́n fi kún un dọ́gba. Ìlú Stockholm gba ọ̀nà mìíràn: ní 2006, wọ́n dán gbígba owó lọ́wọ́ ọkọ̀ tó bá wọ àárín ìlú wò, ọkọ̀ tó ń kọjá níbẹ̀ sì fi nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún dín kù.

Ṣùgbọ́n Stockholm ní ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ tí ẹni tó fi mọ́tò sílẹ̀ lè wọ̀. Ẹni tó bá fi mọ́tò sílẹ̀ ní Ṣágámù, ọ̀kadà ló kù. Ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní 2021, Abẹ́òkúta ló gbà, kò gba Rẹ́mọ.

Ṣé ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ ni àbáyọ?

Fún ẹni tó ń ti Lẹ́kìí tàbí Àjàh bọ̀, bẹ́ẹ̀ ni. Ó lè gba Ẹ̀pẹ́ wọ Ìjẹ̀bú-Òde láìfojú kan Intaṣéńjì. Ẹni tó ti Ìkẹjà tàbí Òjòdú gbéra kò ní í jèrè púpọ̀, yóò kọ́kọ́ la Èkó já ná.

Ọ̀nà náà kò sì ní wà ní òfìfo títí. Ilé ìfọpo Dangote wà ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kìí, ó sì ti ń ta bẹntiróòlù láti oṣù Kẹsàn-án 2024. Tanka tó bá ń ti ibẹ̀ lọ sí ìhà Bìní, ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ sí Ìjẹ̀bú-Òde ló yá jù fún un. Àwọn ará Ìjẹ̀bú-Òde tó ń fi Ṣágámù ṣe yẹ̀yẹ́ kí wọ́n rọra. Wọ́n ti mọ bó ṣe máa ń rí ní ọjọ́ Ojúde Ọba, ọjọ́ kẹta Iléyá, nígbà tí ẹṣin, régbérégbé àti jíìpù olówó ńlá bá jọ gba ìgboro kan náà. Ìyẹn ọjọ́ kan lọ́dún ni. Ti tanka ojoojúmọ́ ni.

Bí ẹ bá bá ìjàǹbá pàdé lójú títì, 122 ni nọ́ńbà FRSC, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ má kàn ní "Ṣágámù" o. Ẹ sọ bóyá apá tó ń lọ Ìbàdàn ni tàbí apá tó ń lọ Èkó, kí ẹ sì sọ bóyá ẹ ti kọjá ìyànà Bìní tàbí ẹ ò tíì débẹ̀, nítorí ọkọ̀ tó bá jáde sí apá tí kò tọ́ gbọ́dọ̀ wá ibi tó ti máa yípo padà, inú gọ́síló kan náà ló sì máa gbà.